Gbígbé ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ sókè: sípíríǹgì wo, ṣọ́ọ̀kì wo?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, Ford Mustang ọdún 1967, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọlẹ̀ débi pé táyà máa ń ha etí bọ́dì bí ènìyàn 2 bá jókòó sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí ó gòkè ní nǹkan bí íǹṣì 2. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Èkejì ní kí n fi shackle tó gùn (irin kékeré tó so ìparí sípíríǹgì mọ́ bọ́dì) sí ìdí sípíríǹgì. Ẹ̀kẹta ní àfi kí n pààrọ̀ sípíríǹgì pátápátá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣọ́ọ̀kì wo ni yóò sì bá ọkọ̀ náà mu lẹ́yìn tí ó bá ti gòkè?

Ìdáhùn: Ẹni kẹta ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ owó sílẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù ọkọ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa ga tó nígbà tí ó bá dúró. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ìmì sípíríǹgì. Bí ẹ bá tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì tó jẹ́ ọ́ìlì lásán kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan, ọkọ̀ náà kò ní wọlẹ̀ ju bí ó ti wà lọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá íǹṣì 2 tí ẹ ń wá yìí jẹ́ àfikún sí gíga tí wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ náà, tàbí ó jẹ́ iye tí ogbó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti dàgbà tó yìí, ogbó ni ó jẹ̀bi, sípíríǹgì tuntun tí ó bá ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ mu sì ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí epo dé ìdajì táǹkì, kí atẹ́gùn táyà pé, kí ẹnikẹ́ni má sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mi ọkọ̀ náà lójú kan nípa títẹ búùtù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó lè jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ wọn ọ̀nà láti àárín gbùngbùn wíìlì títí dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí pé táyà tó tóbi tàbí èyí tó ti jẹ máa dá iye náà rú. Bí apá òsì àti apá ọ̀tún bá fi ju nǹkan bíi mílímítà 10 yàtọ̀ síra, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ kí ẹ wo ewé sípíríǹgì (àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn) níkọ̀ọ̀kan, nítorí ewé tó ti kán lè fara sin sáàárín àwọn yòókù, tí ó jẹ́ pé ìlà ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò fi í hàn. Ẹ wo búùṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà nínú ojú sípíríǹgì (ihò tó wà ní ìparí rẹ̀), bákan náà. Kí ẹ sì fi ìdí òòlù kan irin bọ́dì tí sípíríǹgì so mọ́ níwájú àti lẹ́yìn: Mustang kò ní ṣásì tó dá dúró, páànù tí wọ́n tẹ̀ ni ó gbé gbogbo rẹ̀, bí ìpẹtà bá sì ti jẹ ibẹ̀, wẹ́dà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Sípíríǹgì tuntun tó le máa ti irin jíjẹ bẹ́ẹ̀ wọ inú búùtù ni.

Ní ti táyà tó ń ha bọ́dì, ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀ náà. Bí ẹni tó ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti fi táyà tàbí wíìlì tó fẹ̀ ju ti àtètèkọ́ṣe lọ sí i, ó lè máa ha bí sípíríǹgì tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi fara mọ́ shackle gígùn. Ásù ẹ̀yìn, irin tó so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wà nítòsí àárín sípíríǹgì, nígbà tí shackle wà ní ìparí rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ìdajì iye tí ẹ bá fi kún gígùn shackle ni bọ́dì máa fi gòkè. Kí ẹ tó rí íǹṣì 2, ẹ ní láti fi íǹṣì 4 kún un, shackle tó gùn tó bẹ́ẹ̀ a sì máa fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ọkọ̀ bá ń kọ kọ́nà. Ó tún ń yí ásù fúnra rẹ̀: imú rẹ̀ tí pùròpẹ́là wọ̀ yóò gbójú sókè, igun tí kúrọ́ọ̀sì (oríkèé pùròpẹ́là) ń ṣiṣẹ́ lé lórí yóò yí padà, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbígbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí wọ́n bá sì sọ pé kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù irin sáàárín ásù àti sípíríǹgì, ẹ ṣọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, orí ásù ni sípíríǹgì wà, búlọ́ọ̀kù a sì gbé ọkọ̀ ga. Nínú ọkọ̀ tiyín, abẹ́ ásù ni sípíríǹgì wà, búlọ́ọ̀kù kan náà yóò tún mú un wọlẹ̀ sí i ni.

Ṣọ́ọ̀kì alátẹ́gùn ní ìwúlò tirẹ̀ fún ẹni tó máa ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fi ń gbé ọkọ̀ ga títí láé. Ìwọ̀n tí ó bá gbé, ibi tí wọ́n ti de ṣọ́ọ̀kì mọ́ bọ́dì ni ó ti ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni a sì ṣe láti dá ìmì dúró, a kò ṣe é láti gbé ìdá kan nínú ìwúwo ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀, atẹ́gùn a máa sá láti apá tí ọkọ̀ tẹ̀ sí lọ sí apá kejì nínú kọ́nà, èyí tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dandan, kí họ́ọ̀sì apá kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Ní báyìí, sípíríǹgì. Ohun méjì ni ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ sọ fún yín, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní í sọ àfi bí ẹ bá béèrè: bí ó ṣe tẹ̀ tó, bí ọrun ọdẹ, àti bí ó ṣe le tó. A lè rí gíga kan náà láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe máa rìn kò ní jọra. Ká ní kílógíráàmù 250 ni ó wà lórí sípíríǹgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó tó níútọ̀nù 2,450, kí sípíríǹgì sì jẹ́ èyí tó nílò níútọ̀nù 20 kí ó tó wọlẹ̀ ní mílímítà 1. Yóò wọlẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 122 lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá lo èyí tó tẹ̀ bákan náà ṣùgbọ́n tó le dé níútọ̀nù 26, nǹkan bíi mílímítà 94 ni yóò wọlẹ̀. Ọkọ̀ ti gòkè ní mílímítà 28, ó ju íǹṣì 1 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fi kún líle rẹ̀, gbogbo kòtò ni ẹ ó sì máa gbọ́ ní ìdí yín. Bí ẹ bá sì fi líle sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ béèrè fún èyí tó fi mílímítà 28 tẹ̀ jù ú lọ, gíga kan náà ni ẹ ó rí, ìrìn ọkọ̀ yóò sì tù yín lára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fojú kéré bí irin tó nípọn díẹ̀ ṣe ń le tó. Líle ewé sípíríǹgì ń tẹ̀lé nínípọn rẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé mílímítà 7 fi le ju ewé mílímítà 6 lọ ní nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Ti kọ́ìlì, ìyẹn sípíríǹgì wáyà tí wọ́n ká, tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a fi nínípọn wáyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: bí wáyà rẹ̀ bá kúrò ní mílímítà 12 sí 13, líle rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 38 lé sí i.

Fún ọkọ̀ yín, tí ènìyàn máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ohun tí mo máa rà ni sípíríǹgì tuntun tó tẹ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ní íǹṣì 1, kí líle rẹ̀ sì lọ sókè díẹ̀ péré. Èyí tó ní ewé 5 máa ń le jù fún ẹni tí kì í ṣe eré ìje. Kí ẹ tún béèrè bóyá èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ mid-eye, nítorí wọ́n ń ṣe irú ìyẹn láti mú ọkọ̀ wọlẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 1 ni. Íǹṣì 1 lókè gíga ilé-iṣẹ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ íǹṣì 3 lókè ibi tí ọkọ̀ yín wà lónìí.

Ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì títí sípíríǹgì fi máa wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀, ẹ wọn ọ̀nà láti ojú ìdè òkè ṣọ́ọ̀kì dé ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé bọ́dì, kí ásù so rọ̀ pátápátá, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ tún wọn àyè tó wà láàárín ásù àti rọ́bà tó máa ń dá a dúró lókè, pẹ̀lú ìwọ̀n tí rọ́bà náà lè fún pọ̀. Ká ní mílímítà 420 ni ẹ rí ní ìdúró, tí ásù lè gòkè ní 70, tí ó sì lè so rọ̀ ní 80. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ lè kúrú ju 350 lọ, kí ó sì lè gùn ju 500 lọ. Ẹ fi nǹkan bíi 10 sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gòkè ní 50, ìsọ̀kalẹ̀ 80 tí ó ní tẹ́lẹ̀ ku 30 péré, yóò sì máa dún gbàà nígbàkigbà tí wíìlì bá já sínú kòtò, títí orí rẹ̀ yóò fi já. Nínú ọkọ̀ tó ń lo kọ́ìlì, ẹ má ra èyí tó gùn jù, nítorí ṣọ́ọ̀kì ni ó sábà máa ń dá ásù dúró níbẹ̀, bí ó bá sì gùn jù, kọ́ìlì lè yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀.

Agbára ìdádúró ṣọ́ọ̀kì kò ní láti pọ̀ tó bí ẹni tó ń tà á ṣe ń wí. Bí líle sípíríǹgì bá fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, nǹkan bí ìdá 18 ni ti ṣọ́ọ̀kì nílò. Èyí tí a lè yí agbára rẹ̀ padà dára, bí owó bá wà. Ṣọ́ọ̀kì onígáàsì lè gbé ọkọ̀ ga ní mílímítà díẹ̀. Ẹ má fi í ṣe ìṣirò.

Gíga ẹ̀yìn yóò kan iwájú. Bí ẹ̀yìn bá fi mílímítà 50 gòkè lórí ọkọ̀ tí wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi íǹṣì 108 jìnnà síra bíi tiyín, ọkọ̀ máa doríkodò ní nǹkan bíi dígírì 1, iye kan náà ni yóò sì yọ kúrò nínú caster iwájú, ìyẹn bí ìdè wíìlì iwájú ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó, èyí tó ń mú sítíárìn padà sí ọ̀gangan. Sítíárìn lè fúyẹ́ jù, kí ó má sì fẹ́ dá ara rẹ̀ padà mọ́. Iná iwájú ń tẹ̀ lé e: ní mítà 25, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ tún un gbé. Ẹ wo họ́ọ̀sì bíréèkì ẹ̀yìn nígbà tí ásù bá so rọ̀, kí ó má ṣe fà gan-an. Ẹni tó bá ń ka èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ oní-swing axle (èyí tí ìdajì ásù kọ̀ọ̀kan ń fì sókè sódò láti àárín), bíi Volkswagen Beetle àtijọ́ tàbí Chevrolet Corvair ọdún 1960 sí 1964, kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi rárá: bí a bá gbé ẹ̀yìn irú wọn ga, ìsàlẹ̀ táyà yóò wọnú sí abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì lè dojú dé nínú kọ́nà.

Nígbà tí ẹ bá ń de sípíríǹgì, yúù-bóòtù tuntun (bóòtù tó tẹ̀ bíi U, tó de ásù mọ́ sípíríǹgì) ni kí ẹ lò. Bóòtù inú búùṣì kò gbọdọ̀ le dé òpin títí ọkọ̀ fi máa dúró lórí táyà rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tí a bá dè nígbà tí ásù so rọ̀ yóò wà ní lílọ́ títí ayé rẹ̀, yóò sì tètè ya. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún kìlómítà bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan, kí ẹ tún yúù-bóòtù náà dè, kí ẹ sì tún gíga rẹ̀ wọ̀n, nítorí sípíríǹgì tuntun a máa jókòó díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gbé iná iwájú àti ìdọ́gba táyà sí ojú ìwọ̀n tí yóò dúró.