Kọngilá ní iṣẹ́ yọrí, onílé ní kò yọrí: ta ni ká gbà gbọ́?

Ẹ ní kọngilá tó kọ́ ilé bàbá yín ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀, ń yangàn pé iṣẹ́ yọrí, bàbá sì ń ráhùn. Òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Onílé ń wo iye tó ná, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àti bóyá òrùlé ń jò. Kọngilá ń wo èrè, àti bóyá owó ń wọlé lásìkò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí owó bá pẹ́, bíríkìlà á wáṣẹ́ lọ síbòmíràn, àwọn tó kù á dín sìmẹ́ǹtì kù, wọ́n á tú pákó lábẹ́ dẹ́kìn (àjà kọnkéré) kí kọnkéré náà tó le dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 28 ni ẹnjiníà fi ń ka agbára kọnkéré. Ti lébírà ò le: kówó ojúmọ́ pé, kó má farapa. Aládùúgbò ní tiẹ̀ ń wo ibi tí àgbàrá máa gbà.

Àwọn tó ń lo ilé ló ń dájọ́ pẹ́ jù. Gbọ̀ngàn Opera ti Sydney, ilé eré orin ní Ọsirélíà, tí wọ́n fojú bù sí mílíọ̀nù 7 dọ́là ilẹ̀ náà, jẹ mílíọ̀nù 102 kí wọ́n tó ṣí i ní 1973. Ẹni tó sanwó bínú, àmọ́ gbogbo ayé ń lọ wò ó. Nítòsí wa, ẹ wo àwọn ilé Humanities ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, yàwòrán wọn: àjà òkè yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bo fèrèsé.

Fún bàbá, kí wọ́n kọ ìpele ìsanwó sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì dá díẹ̀ nínú owó náà dúró títí ìgbà òjò kan á fi kọjá.