Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn mọ̀ kí ó tó lọ gba ìtọ́jú físíò tàbí káíròpíráktíìkì?

Ẹ ti bèèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ó yẹ kí ìyá yín, tí ẹ̀yìn ń dùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ebè, mọ̀ kí wọ́n tó gba ìtọ́jú. Oníṣẹ́ físíò máa ń fi eré ìmárale, fífi ọwọ́ wọ́ iṣan àti ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí gbé ẹrù dá agbára ara padà. Káíròpíráktíìkì, tí D. D. Palmer dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1895, gbájú mọ́ fífi ọwọ́ ti oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn. Físíò wà ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Adó-Èkìtì àti Ìdó-Èkìtì, ibẹ̀ ni èmi yóò sì kọ́kọ́ gbé wọn lọ.

Kí wọ́n má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún olùtọ́jú: egungun tí kò lágbára mọ́, àrùn jẹjẹrẹ àtijọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ara lè ro wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú. Eré ìmárale tí a bá ní kí wọ́n máa ṣe nílé ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé ìtọ́jú orí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Ní ti títi ọrùn lójijì, ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ bèèrè dáadáa kí ẹ tó gbà.

Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí wọn kò lè mú ìtọ̀ dúró, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.