Èsì: Báwo ni kòkòrò kan náà ṣe lè yàtọ̀ síra?

Mọ́mì, ẹ káàárọ̀. Ẹ ní dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún àbúrò yín pé kòkòrò bakitéríà kan náà, Pseudomonas aeruginosa, ló wà lẹ́dọ̀fóró ọmọ ẹ̀ tó ní cystic fibrosis (àrùn àjogúnbá kan tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà), àmọ́ oògùn tó pa àwọn kan ò ran àwọn tó kù. Òótọ́ ni o, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà ẹyọ ìran kan ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn tó ní àrùn yìí ki gan-an, kòkòrò á wá jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa bímọ, jíìnì àwọn ọmọ ọ̀hún á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, ti apá òkè ẹ̀dọ̀fóró lè gba ọ̀nà tiwọn, ti ìsàlẹ̀ náà á gba tiwọn. Tí jíìnì mucA bá bàjẹ́, ṣe ni kòkòrò á máa pọ nǹkan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara ẹ̀. Àwọn míì, mutS tó ń tún àṣìṣe jíìnì ṣe ló bàjẹ́ lára tiwọn, àyípadà tiwọn wá ń yára ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì.

Làbù ni mo ń bá ṣiṣẹ́ níbí l'Óṣogbo, mo máa ń rí Pseudomonas látinú egbò, á yọ àwọ̀ ewé lórí àwo tá a fi ń gbin kòkòrò, òórùn ẹ̀ á dùn bí èso àjàrà. Tá a bá mú ẹyọ kólónì kan ṣoṣo (ìdìpọ̀ kòkòrò tó hù látara ẹyọ kan) dán oògùn wò, àwọn yòókù lè sá mọ́ wa lójú. Kí àbúrò yín bi àwọn dókítà pé kólónì mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, kó má sì dá oògùn ọmọ dúró fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.