Kí o tó fa Plasil sínú sírínjì

Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù ìpàjáwìrì béèrè pé bí inú bá ń run aláìsàn tó sì ń bì, nínú àwọn oògùn tó ń dá èébì dúró, ṣé Plasil ló dáa ni àbí ondansetron. Àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbi ìpàjáwìrì. Dókítà ló ń kọ oògùn lóòótọ́, àmọ́ ìwọ lo máa gún un, nítorí náà kọ́kọ́ ṣí aṣọ aláìsàn, kí o wo ikùn rẹ̀.

Wọ́n gbé baba kan wá lóru. Èébì rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ sì le bí ìlù. Wọ́n ti kọ Plasil sílẹ̀ fún un. Mo bi baba ìgbà tó só kẹ́yìn, ó ní àárọ̀ àná. Ni mo bá ká aṣọ ìbora kúrò: ìpá ti yọ níbi tí ikùn ti pàdé itan, ó le gbandi, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìfun ti há síbẹ̀. Plasil a sì máa mú kí ikùn àti ìfun túbọ̀ máa fún pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èèwọ̀ fún ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, tó lu, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Má gbàgbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun tó ti dá ihò sí ìfun o. Mo pe dókítà padà. Bí a ṣe ti rọ́bà gba imú baba wọ ikùn, tí òróòro ń ṣàn sínú àpò, èébì náà rọlẹ̀ láìgún abẹ́rẹ́ kankan. Ó kù sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Níbi tí kò bá sí ìdènà, Plasil wúlò, kò sì wọ́n. 10 mg ni fún àgbàlagbà, kí o sì rọra tì í wọ iṣan, ó kéré tán ìṣẹ́jú 3. Bí o bá sáré tì í, ara aláìsàn kò ní gbélẹ̀, á fẹ́ fa dírípù já. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń mú jù: mo rí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn lẹ́yìn Plasil. Ìyá rẹ̀ ti ń da òróró sí i lórí, ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Abẹ́rẹ́ benztropine ló tú ọrùn náà.

Nítorí náà ondansetron 4 mg ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ fún ọ̀dọ́. Òun náà ní tirẹ̀: ó ń fa orí fífọ́ àti àìrígbẹ̀ẹ́yà, ó sì lè da lílù ọkàn rú, pàápàá lára ẹni tí èébì ti gbẹ potassium rẹ̀, ìyẹn iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2012, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má fún èèyàn ní 32 mg gba iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Bí èébì bá dá àmọ́ tí ikùn ń wú sí i, má yọ̀.

Phenergan, oògùn èébì mìíràn, kì í wù mí rárá fún inú rírun. Aláìsàn á sùn lọ fọnfọn, ta ni yóò wá sọ fún wa pé ìrora ti kúrò ní ìdodo, ó ti bọ́ sí apá ọ̀tún ìsàlẹ̀, tó jẹ́ àmì àpẹ́ńdíìsì? Ó sì lè jẹ ẹran ara run bó bá jò kúrò nínú iṣan. Láti 2009 ni FDA ti kọ ìkìlọ̀ líle sára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́, inú ẹran ìdí ni kí o gún un sí.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 láti Ọsirélíà, wọ́n fi metoclopramide, ìyẹn Plasil, àti ondansetron wé omi iyọ̀ lásán láàárín àwọn aláìsàn ìpàjáwìrì. Èébì tó ń gbé wọn dínkù láàárín gbogbo wọn, ìyàtọ̀ kò sì tó nǹkan. Ìdí tí mo fi ń tètè gbé dírípù kọ́ nìyẹn, tí mo sì ń béèrè oògùn ìrora. Tramadol ni kí o ṣọ́: bí o bá sáré tì í, òun gan-an á mú aláìsàn bì.

Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ṣe àyẹ̀wò oyún fún un kíákíá, nítorí oyún tó dúró síta ilé ọmọ. Wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú. Àtọ̀gbẹ tó ti ru sókè lè mú inú run èèyàn, kó sì máa bì.