Ìbéèrè àti ìdáhùn: kí ló ń dá màmá wa padà sí ọsibítù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Màmá wa jẹ́ ẹni ọdún 78, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn méjèèjì, wàhálà kankan ò sí. Àfi bó ṣe di pé láàárín oṣù méjì a ti gbé wọn lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, wọ́n ṣubú lóru níbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ tọ̀, egungun ò kán àmọ́ wọ́n lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dé, a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá wọn tí wọ́n ń làágùn, ọ̀rọ̀ wọn ò já mọ́ra, wọ́n ní ṣúgà wọn ló wálẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ogbó ti dé nìyẹn, pé kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ̀ pé àgbàlagbà ti ń sún mọ́ ọsibítù kó tó di pàjáwìrì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ tán, ọjọ́ orí wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wò ó, mo ti rí ẹni 90 ọdún tí ò sun wọ́ọ̀dù rí, mo sì ti rí ẹni ọdún 66 tó jẹ́ pé gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ kà á sí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì. Èmi ń fura pé ẹyọ kan ni. Mi ò tíì rí màmá o, torí náà ìfura ni kẹ́ ẹ mú un sí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tò ó. Èèyàn ṣubú, ìbàdí ń ro wọ́n, kí ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ara ń ro? Ibuprofen tàbí diclofenac. Àwọn oògùn yẹn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín ẹni ọdún 78 ò lágbára bíi ti ẹni ogójì ọdún tẹ́lẹ̀. Kíndìnrín yẹn kan náà ló sì ń bá wọn kó oògùn ṣúgà bíi glibenclamide jáde lára, tó bá ti ń falẹ̀, oògùn àná á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé tòní mì. Ẹ wá fi kún un pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun, àmọ́ iye tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ń jẹun dáadáa náà ni wọ́n ṣì ń lò, kò sẹ́ni tó ronú láti dín in. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣeé ṣe kí màmá fara da ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lára ẹni kan ni wàhálà dé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí n mú àmì kan péré, mi ò ní mú orúkọ àìsàn kankan. Màá béèrè pé ṣé wọ́n ti dá wọn dúró ní ọsibítù láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀kan ló sún mọ́ ìkejì jù, oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ló sì burú jù. Dókítà Harlan Krumholz ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 2013, ó ní nínú àwọn àgbàlagbà tí ìjọba wọn ń sanwó ìtọ́jú fún, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í ṣe àìsàn tó gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀ ló dá wọn padà. Kò yà mí lẹ́nu. Oorun ò tó, oúnjẹ ò lọ, ẹsẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́jọ á ti rọ, wọ́n á tún kó oògùn tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ń lo márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ṣọ́ wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 wo àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí oògùn gbé dé ọsibítù ní pàjáwìrì, oríṣi mẹ́rin péré ló fa nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta: warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní insulin, oògùn ṣúgà tí wọ́n ń gbé mì, àti àwọn bí aspirin àti clopidogrel tí àwọn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Gbogbo ẹ̀ oògùn gidi ni o, àwa dókítà la máa ń kọ ọ́. Torí náà ẹ kó gbogbo ohun tí màmá ń gbé mì sínú àpò kan, àgbo ńbẹ̀, oògùn tí ọ̀rẹ́ wọn fún wọn ńbẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí lèyí ń ṣe, ṣé wọ́n ṣì nílò ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá ìkankan dúró. Ẹ bá wọn ṣe tẹ́ẹ̀sì kíndìnrín, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá paracetamol á tó fún ìbàdí yẹn. Ẹ tún béèrè iye tó yẹ kí ṣúgà wọn wà, torí fún àgbàlagbà tó ní àìsàn bíi mélòó kan a kì í lé e sílẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́, HbA1c, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, tí ò bá ti tó 8% ti tó fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ìṣubú wọn ńkọ́? Lóru, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ èyí tó ń mú kéèyàn máa tọ̀, tó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Dókítà lè gbé e sí àárọ̀. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìjókòó, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n bá dìde, tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, ìyẹn náà lè jẹ́ ẹjọ́ oògùn. Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe fúnra yín nílé: kí màmá dìde lórí àga, kí wọ́n rìn mítà mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó. Tó bá gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yẹn nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ dúró tì wọ́n o, kẹ́ ẹ má lọ fi tẹ́ẹ̀sì ṣubú.

Tí ọ̀rọ̀ wọn bá tún ṣàdédé dàrú, ẹ má sọ pé ogbó ni, ogbó kì í dé láàárín òru kan. Ẹ wọn ṣúgà wọn lójú ẹsẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà, tí wọn ò bá lè gbé e mì ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu. Bí ojú wọn bá tiẹ̀ là, ẹ ṣì gbé wọn lọ, torí glibenclamide lè fà á wálẹ̀ padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Tí ṣúgà ò bá sì lọ sílẹ̀, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn náà, ó lè jẹ́ àkóràn nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ara àgbàlagbà lè má gbóná rárá.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀: kí wọ́n máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n, kí wọ́n gba àjẹsára fùlúù, kí ẹ máa wọ̀n wọ́n lóṣooṣù torí ẹni tó bá ti 60 kílò bọ́ sí 57 láìgbèrò ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, nǹkan ń ṣe é.

Ó ku kékeré kan. Láti 1993 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti ní ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n fi ń mọ àgbàlagbà tó lè padà sí ọsibítù, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé báwo ni ìwọ fúnra ẹ ṣe rí ara ẹ sí. Tí màmá bá ní ara àwọn ò dá, ẹ gbà wọ́n gbọ́, kódà kí tẹ́ẹ̀sì dára. Òmíràn ni pé ṣé ẹnì kan wà tó lè tọ́jú wọn. Màmá ní yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín ló gbé àpò oògùn yẹn dání lọ, kí àwọn náà gbọ́ ọ látẹnu dókítà.