Ẹ má da mílíìkì sójú nítorí tajútajú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ a fẹ́ ṣe ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́, èmi náà sì fẹ́ lọ. Mi ò lọ irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní tí ọlọ́pàá bá yìn tajútajú, mílíìkì ló ń pa á, àti pé kí n fi fasilíìnì tàbí ọṣẹ ìfọyín pa ojú kí n tó kúrò nílé. Mo ti ra gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé páálí mílíìkì méjì á tó? Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀? Mo ní ikọ́ fée o, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu.

Ìdáhùn: Ẹ mu mílíìkì náà, ó ń ṣara lóore. Ojú ni kí ẹ má dà á sí.

Gbogbo ìgbà tí ìwọ́de bá ti ń bọ̀ ni ìbéèrè yìí máa ń rọ́ dé, ó sì ti ń sú mi. Àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn yìí kiri kì í bá wa jókòó ní ilé ìwòsàn nígbà tí ojú ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ bá wú.

Ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ni tajútajú, pé nǹkan kan wà tí èèyàn lè dà sí i kó kú. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ìyẹ̀fun tó kúnná gan-an ni, iná inú agolo ló ń fọ́n ọn ká bí èéfín. Èyí tí wọ́n ń lò jù láyé ni CS. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì ní Amẹ́ríkà, Corson àti Stoughton, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1928, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń pè é. Ibi tó bá lọ́rinrin ló máa ń lẹ̀ mọ́: ẹyinjú, imú, ọ̀fun, awọ ara tó ń làágùn. Á wá máa ta àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jí. Nítorí náà, ẹ má wá ohun tó máa pa á. Ṣíṣí i kúrò lára niṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ẹ wá wo fasilíìnì. Ẹni tó fi ọ̀rá pa ojú lọ pàdé ìyẹ̀fun ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Á lẹ̀ mọ́ ọn, omi ò sì ní tètè ṣí i. Ọṣẹ ìfọyín ní tirẹ̀, bí òógùn bá ṣàn án wọ ojú, òun fúnra rẹ̀ á máa ta yín kí ọlọ́pàá kankan tó dé. Ní ti mílíìkì, ìtútù rẹ̀ ni ara ń gbádùn, omi tútù náà sì ní in. Wọn ò ṣe mílíìkì fún ojú, ó lè kó kòkòrò àrùn wọ ẹyinjú tó ti bó.

Ní 2008, àwọn olùwádìí kan tẹ àbájáde kan jáde lórí ata tí wọ́n ń fín síni lójú, tí kì í ṣe CS ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń dáni lóró. Wọ́n fi í sára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n wá fún àwọn kan ní mílíìkì, àwọn kan ní ṣámpù ọmọdé, àwọn kan ní Maalox (oògùn olómi fún inú tó ń ta), àwọn kan ní oògùn tó ń pa ara kú, àwọn yòókù ní omi lásán. Kò sí èyí tó tayọ omi. Bí àkókò ṣe ń lọ ni ìrora ń lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ẹni tó bá ti kúrò nínú èéfín, ara rẹ̀ sábà máa ń balẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ohunkóhun tó bá dà sójú láàárín àkókò yẹn ló máa gba ìyìn.

Bí wọ́n bá yìn tajútajú, ẹ kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹ máa rìn lọ, ẹ má sáré nínú èrò. Ẹ wá ibi gíga, torí èéfín náà máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra ojú. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi má bàa ṣàn láti ojú kan sí èkejì. Ẹni tó ń lo awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kó fi í sílé.

Aṣọ tó ní bọ́tìnnì níwájú ni kí ẹ wọ̀. Èyí tí ẹ máa bọ́ gba orí á tún fa ìyẹ̀fun náà kọjá lójú yín. Bí òun lẹ bá wọ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi wẹ̀. Ẹ má fi bílíìsì kan ara.

Ikọ́ fée tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò yẹ̀ yín wò, nítorí náà ẹ lọ rí dókítà yín kí Sátidé tó dé. Bó bá ti gbé yín dè láìpẹ́ yìí, ẹ dúró sílé. Ìwọ́de mìíràn ń bọ̀. Bí dókítà bá ní kò séwu, àpò ṣòkòtò ni kí ínhélà wà, kì í ṣe inú báàgì tí ẹ lè sọ nù. Etí èrò ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ sì ti máa lọ ní gbàrà tí ẹ bá rí agolo àkọ́kọ́. Àwọn aláboyún náà, ẹ gbọ́ o.

Àdéhùn àgbáyé ti 1993 lórí ohun ìjà kẹ́míkà ka CS léèwọ̀ lójú ogun, ó sì gbà kí ọlọ́pàá lò ó láàárín ìlú. Ẹ bá mi bi àwọn lọ́yà ìdí rẹ̀.

Ẹ má mú agolo náà nílẹ̀, ó ń jóni. Bí mímí bá ń le, tí àyà ń fún, tí ojú ò ríran dáadáa, tàbí tí ìrora ò dínkù lẹ́yìn wákàtí kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí agolo bá bà lórí tàbí lójú, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ń sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan kan.