Ẹ bi mí, mo wà ńbí: Ọ̀rọ̀ àwọn ìnàkí Tacugama

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjìlá la wà nínú ẹgbẹ́ wa ní London, àwọn Àkú, ìran Yorùbá láti Freetown, wà nínú wa, àwọn ló ní ká dáwó fún Tacugama, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí (chimpanzee) aláìníyàá ní Sierra Leone. Ìyàwó alága wá ní ṣé èèyàn ti yó tán tá a fi fẹ́ máa bọ́ ọ̀bọ. Àwọn kan ní ká kó aṣọ ọmọdé sínú àgbá ká fi ránṣẹ́. Kí lẹ rí sí i? – Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyàwó alága, ẹ ní ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ, kò nírù. Tó bá sì jẹ́ èèyàn ló ń ro, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ Sierra Leone ló pọ̀ jù, sálárì yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Igbó tí Tacugama wà náà ló ń dáàbò bo omi tí Freetown ń mu. Ṣé ẹ rántí Regent, ìtòsí wọn níbẹ̀, ibi tí àwọn bàbá ńlá àwọn Àkú tẹ̀ dó sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú? Ibẹ̀ ni òkè ti ya lu ilé ní August 2017, àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,100, igi tí wọ́n gé kúrò lórí òkè sì wà lára ohun tó fà á.

Ẹ má kó aṣọ o jàre, owó ọkọ̀ á ju owó aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná owó sí. Àwọn ìnàkí náà lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, láàárọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ara gbogbo wọn le, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n jáde sínú igbó tí wọ́n fi wáyà iná yí ká, wọ́n á tún máa ju èso sí wọn títí ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n á fi wọlé sùn. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí fún bí oṣù mẹ́ta kó má lọ kó àrùn ran àwọn tó kù, ìkókó inú wọn sì nílò ẹni tó máa gbé e mọ́ra bí ìyá, fún un ní mílíìkì. Ìnàkí sì lè lò tó àádọ́ta ọdún! Ta ló máa bọ́ ọ tó yẹn?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é bí èsúsú. Pọ́n-ùn márùn-ún márùn-ún lóṣù, ẹ̀yin méjìlá, 720 lọ́dún nìyẹn, wọ́n á mọ̀ pé ó ń bọ̀. Owó tí àlejò ń san láti wò wọ́n ò ṣe é gbọ́kàn lé: Èbólà lé àlejò lọ, Kọ́rọ́nà náà ṣe bẹ́ẹ̀, ní May 2025 sì rèé, àwọn fúnra wọn ló tilẹ̀kùn láti fẹ̀hónú hàn nítorí àwọn tó ń gégi tí wọ́n ń gba ilẹ̀ igbó wọn.

Ẹ ṣáà má jẹ́ kí alága kó o mọ́ owó aṣọ ẹbí.

Ọmọ mi fẹ́ fowó bọ́ọ̀sìdéè ẹ̀ "gba ìnàkí kan tọ́". Ṣé wọ́n á gbé e fún un? Tá a bá débẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lè gbé e ya fọ́tò? – Bàbá Fẹ́mi

Rárá o! Orúkọ lásán ni "gbígbà tọ́" yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ló máa wà. Fọ́tò àgbémọ́ra náà ò sí, òtútù tó ń ṣe Fẹ́mi lè pa ìnàkí. Àgbà inú wọn sì lágbára ju èmi àtẹ̀yin lọ dáadáa. Ní April 2006, mọ́kànlélọ́gbọ̀n já jáde ní Tacugama, wọ́n pa awakọ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù padà wálé, ṣùgbọ́n Bruno, ọ̀gá wọn, wọn ò rí i mọ́ títí dòní.

Wọ́n ń ta ọmọ ìnàkí lábúlé kan ní Oǹdó. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ṣé kí n rà á? – Adé

Adé, má rà á. Wọ́n ti pa ìyá ẹ̀ kí wọ́n tó rí i mú, tó o bá sanwó, wọ́n á tún padà sínú igbó lọ mú òmíràn. O lè ní ṣebí rírà ni Bala Amarasekaran ra Bruno kó tó dá Tacugama sílẹ̀ ní 1995, òótọ́ ni, kò tíì síbi tí wọ́n lè gbé e lọ nígbà yẹn. Ìwọ ní o. Fi tó àwọn aṣọ́gbó ìjọba létí lónìí, àwọn Pandrillus, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Cross River, náà máa ń gba ìnàkí.